Dúdú Ni Àwọn Ọmọ Rí: Bí Ojú Kọ̀ǹpútà Mi Ṣe Wá Ń Hàn Lórí Ubuntu

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Houston ló wà, ní Amẹ́ríkà, èmi wà níbí ní Kìnnírá, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni lọ́dọ̀ mi, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sójú kọ̀ǹpútà mi ní lẹ́tà gbàǹgbà: igbá, ìgbà, igba, ìgbá, igbà. Mo kun àmì orí wọn ní pupa kí ojú lè tètè mú un. Mo tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń fi ojú ẹ̀rọ han àwọn tó wà nípàdé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ka igbá tí a fi ń bu omi. Mo ka ìgbà tí a fi ń ka àkókò. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti dá mi dúró. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun ò rí nǹkan kan, pé dúdú ni gbogbo rẹ̀, pé ọfà kékeré kan ṣoṣo ló ń rìn kiri nínú òkùnkùn.

Lójú tèmi, ohun gbogbo hàn kedere. Mo bi àwọn yòókù. Ẹni tó wà ní Manchester, dúdú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Toronto, dúdú. Mo pa á, mo tún un tẹ̀, dúdú náà ni. Ẹnu lásán ni mo fi kọ́ wọn títí wákàtí náà fi pé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ilé ìwé girama kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ tó bá ń gbọ́ Yorùbá nílé á fi etí mú ohùn, kò dìgbà tó bá rí àmì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jí i, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń gbọ́ Yorùbá tó kún ẹnu, etí tirẹ̀ ò tíì là sí i. Pe igbá, pe ìgbà, ọ̀kan náà ni wọ́n létí rẹ̀. Àfi ìgbà tó bá rí i pé àmì yìí lọ sókè, tọ̀hún lọ sílẹ̀, tó sì gbọ́ ọ nígbà kan náà. Mo ti rí i lójú àwọn ọmọ lọ́pọ̀ ìgbà: ojú á kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, etí á wá tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń lo ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ pupa fún àmì láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì, tí mo sì ń fi owó ara mi rà á.

Àwọn ọmọ márùn-ún wọ̀nyí, ọmọ àwọn tí mo kọ́ rí ni wọ́n. Àwọn òbí wọn ló bẹ̀ mí. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi lórí fóònù pé bí ìyá òun bá pe ọmọ náà láti ilé, ìyá á sọ Yorùbá, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, kò ní lè fèsì. Mi ò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n jókòó. Mo tún máa ń rántí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Amẹ́ríkà rí. T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, dé ìlú wa yìí ní 1855, gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ sì jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Ọkọ̀ òkun ló gbé tìyẹn lọ. Ó yẹ kí tèmi náà lè dé Houston ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Kọ̀ǹpútà tí mo ń lò, àlòkù ni. Mẹ́mórì rẹ̀ ò ju 4 GB lọ. Ètò tó wà lórí rẹ̀ nígbà tí mo rà á wúwo fún un gan-an; bí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè po ògì mu tán kó tó ṣí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń kàwé ní yunifásítì LAUTECH, tó ń gbé ní Under G, ló wá sílé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú fláàṣì lọ́wọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà, kọ̀ǹpútà yìí ò tíì gbó." Ubuntu 22.04, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló gbé sí i. Kò ju ìṣẹ́jú ogójì lọ tó fi parí, láti ìgbà náà sì ni ẹ̀rọ náà ti ń sáré.

Ọ̀fẹ́ ni Ubuntu, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ju ọ̀fẹ́ lọ. Gbangba ni bí wọ́n ṣe kọ ọ́ wà: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á, ẹni tó bá lè tún un ṣe lè tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Linux ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, èyí tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ubuntu fúnra rẹ̀ jáde ní 2004. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló wà nídìí rẹ̀, inú èdè àwọn Zulu àti Xhosa ni orúkọ náà sì ti wá. Ohun tí wọ́n ń fi í sọ, pé nítorí ènìyàn ni ènìyàn fi jẹ́ ènìyàn, kò jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Ọjọ́ kejì tí mo ní i ni mo rí i pé Yorùbá wà lára àwọn kíbọ́ọ̀dù tó bá a wá. Mo wọ Settings, mo wọ Keyboard, mo fi Yorùbá kún èyí tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ọdún púpọ̀ ṣe iṣẹ́ tí mo ṣe yìí, tó ń fi bírò kọ àmì sórí ìwé ìdánwò tí wọ́n tẹ̀ láìsí àmì, á mọ bí inú mi ti dùn tó.

Ó wá ku áàpù ìpàdé. Àwọn òbí ti yan èyí tí a ó lò, èmi ni mo ní láti gbé e sórí Ubuntu. Lórí ìkànnì irú áàpù bẹ́ẹ̀, ẹ ó bá fáìlì oríṣiríṣi. Fún Ubuntu, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .deb ni kí ẹ mú. Èyí tó parí sí .rpm, ti Fedora, oríṣi Linux mìíràn, àti ìdílé rẹ̀ ni. Wọ́n á tún bi yín léèrè irú ọpọlọ tí kọ̀ǹpútà yín ní. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti T pa pọ̀, Terminal, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, á ṣí. Ẹ kọ èyí síbẹ̀:

uname -m

Tèmi dáhùn pé x86_64. Èyí já sí pé amd64 ni kí n mú. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ti ṣi í mú, nítorí Intel ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà mi, àṣé amd64 ni wọ́n ń kọ fún ti Intel àti ti AMD.

Mo dúró di òru tí dátà máa ń yá kí n tó wà á sílẹ̀. Àṣẹ tí mo kọ́kọ́ lò nìyí, ipade.deb ni mo sọ fáìlì tèmi, orúkọ tí tiyín bá ń jẹ́ ni kí ẹ kọ:

cd Downloads
sudo dpkg -i ipade.deb

Ó bèèrè páásíwọ́ọ̀dù. Mo ń tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ò hàn, kò sí lẹ́tà, kò sí ìràwọ̀. Mo rò pé kíbọ́ọ̀dù ti dákú. Kò dákú o. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kí ẹni tó dúró lẹ́yìn yín má baà mọ iye lẹ́tà tí páásíwọ́ọ̀dù yín ní. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pé, kí ẹ tẹ Enter.

Lẹ́yìn náà ló kọ ọ̀rọ̀ jáde jàn-àn-ràn jan-an-ran, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ni pé àwọn nǹkan kan kù tí áàpù náà gbẹ́kẹ̀ lé. Ìyàtọ̀ kan wà níbí tó yẹ kí ẹ mọ̀, torí yóò gbà yín lọ́wọ́ wàhálà. Ká ní ẹ rán ọmọ méjì pé kí wọ́n ro àmàlà. Ọ̀kan dé ìdí àdògán, ó ní kò sí èlùbọ́, ó jókòó. Èkejì rí i pé kò sí èlùbọ́, ó gba ọjà Arada lọ, ó rà á bọ̀, ó sì rò ó. Ọmọ àkọ́kọ́ ni dpkg. Ọmọ kejì ni apt. Àṣẹ yìí ni mo fi rán apt lọ sọ́jà:

sudo apt --fix-broken install

Ó ka orúkọ gbogbo ohun tó fẹ́ mú wá, ó bi mí bóyá kí òun máa bá a lọ, mo tẹ Y, ó parí. Láti ìgbà náà, mi ò tún bá dpkg lọ mọ́. Èyí ni mo ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

sudo apt install ./ipade.deb

Ẹ má ṣe fo àmì ìdánudúró àti igi tó dà gbé (./) tó ṣáájú orúkọ náà. Àwọn ló ń sọ fún apt pé fáìlì tó wà níwájú wa níbí ni kó mú. Láìsí wọn, inú ìṣúra Ubuntu lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti lọ máa wá a, yóò sì ní òun ò rí i.

Áàpù náà ṣí, ohùn ń lọ, àwòrán ojú mi ń lọ. Mo sọ fún àwọn òbí pé a ti ṣe tán. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ọmọ sọ pé dúdú ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò lè wá. Ó ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ dí i lọ́wọ́. Ó ṣáà dáhùn fóònù mi lálẹ́, ó ní kí n kọ èyí sí Terminal kí n ka ohun tó bá sọ fún òun:

echo $XDG_SESSION_TYPE

Ó dáhùn pé wayland. Ọmọ náà ní, "Ibẹ̀ ló wà, Mọ́mì. Ẹ lọ ka nípa Wayland àti Xorg, ó máa yé yín." Òru méjì ni mo fi kà á. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ nìyí.

Ètò kan wà tí Linux fi ń ya gbogbo ohun tí ẹ ń rí sójú ẹ̀rọ. X ni wọ́n ń pe ti àtijọ́. Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1984, X11 sì jáde ní 1987. Xorg tí à ń lò lónìí, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni. Nínú X, áàpù tó bá ti wọlé tán lè wo ohun tí áàpù kejì ń ṣe. Ó lè rí gbogbo ojú ẹ̀rọ, ó tilẹ̀ lè mọ ohun tí ẹ ń tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù nígbà tó jẹ́ pé inú áàpù mìíràn lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Agbo ilé bàbá mi rí bẹ́ẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gígùn, gbogbo ẹnu ọ̀nà ṣí sí i. Ẹni tó bá ti wọlé ti rí ẹni tó ń jẹun, ó ti rí ẹni tó ń ka owó. Ó dára bẹ́ẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ẹbí kan ni gbogbo wa.

Ní 2008 ni Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ Wayland. Nínú tirẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn. Áàpù kan ò lè rí ju wíńdò tirẹ̀ lọ. Bí áàpù ìpàdé bá wá lọ yọjú wo ojú ẹ̀rọ lọ́nà ti àtijọ́, òkùnkùn ni yóò bá, òkùnkùn yẹn náà ni yóò sì gbé fún àwọn ọmọ. Èyí tí mo gbé sórí kọ̀ǹpútà mi, ọ̀nà àtijọ́ yẹn nìkan ló mọ̀. Áàpù tó bá mọ ọ̀nà tuntun á kọ́kọ́ lọ bá oníbodè. Portal ni wọ́n ń pè é. Oníbodè á wá bá mi: áàpù báyìí fẹ́ wo ojú ẹ̀rọ yín, ṣé kó wò ó, èwo sì ni kó wò? Bí mo bá gbà fún un, PipeWire, tí Wim Taymans bẹ̀rẹ̀, á wá máa gbé àwòrán náà lọ fún un bí omi ṣe ń gba inú páìpù. Láti Ubuntu 21.04 ni wọ́n ti sọ Wayland di èyí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ mi, ilẹ̀kùn ló tì.

Kí n sọ òtítọ́, lákòókò yẹn, mi ò rí ilẹ̀kùn náà bí oore. Mo ní àwọn ọmọ márùn-ún tó ń dúró dè mí, ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n rí ojú kọ̀ǹpútà mi, tó jẹ́ pátákó wa. Nítorí náà, mo padà sí Xorg. Ẹ yan Log Out, kì í ṣe kí ẹ pa ẹ̀rọ. Tí ojú ìwọlé bá dé, ẹ tẹ orúkọ yín, ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ páásíwọ́ọ̀dù, ẹ wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Jíà kékeré kan wà níbẹ̀. Kò ní yọ títí ẹ ó fi tẹ orúkọ. Ẹ tẹ jíà náà, kí ẹ mú Ubuntu on Xorg, kí ẹ wá wọlé. Mo kọ àṣẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà, ó dáhùn pé x11. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lo èyí tó tuntun ju tèmi lọ, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà yìí ti di: nínú Ubuntu 25.10, wọ́n ti yọ Ubuntu on Xorg kúrò níbẹ̀.

Sátidé kejì, pátákó hàn. Èmi àtàwọn ọmọ náà ni inú wa jọ dùn. Mo tọ́ka sí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, mo tọ́ka sí ìgbá tí a ń jẹ, mo tọ́ka sí igba tí í ṣe ogún lọ́nà mẹ́wàá. Èyí tó wà ní Manchester, tí kì í sọ̀rọ̀, pe márààrún láìṣì. Mo ní kó tún un pè. Ó tún un pè. Ìyá rẹ̀, tí mo kọ́ ní SS2, ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, mo rí i tó fi ọwọ́ nu ojú.

Sátidé kẹta ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ọmọ tó ń bá mi ṣe kọ̀ǹpútà, wà ní ọsibítù lọ́sẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un. A ti fẹnu kò nínú ẹbí pé ọmọ náà ò gbọdọ̀ gbọ́ títí ìdánwò rẹ̀ á fi parí. WhatsApp wà ní ṣíṣí nínú Firefox, áàpù tí mo fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé mo ń retí ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ojú ẹ̀rọ ni mo ń fi han àwọn ọmọ. Àárín ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wọlé, ó jáde sókè ojú ẹ̀rọ nínú àpótí kékeré: orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ àìsàn náà, àti pé ẹ̀jẹ̀ ò tíì dá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ti Toronto kà á sókè ketekete, ó rò pé ara ẹ̀kọ́ ni.

Mo pa ojú ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Òbí ọmọ tó kà á yẹn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó mọ ẹbí wa, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ tiwọn lórí WhatsApp. Mo pè é lójú ẹsẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó pa á mọ́ra, ó sì pa á mọ́ra, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọmọ mi sílẹ̀ kó lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo gun ọ̀kadà ní àṣálẹ́ yẹn lọ sí Under G. Mo bá a níbi tó ti ń kàwé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì torí wọ́n ti mú iná lọ. Mo jókòó tì í, mo sọ ọ́ fún un fúnra mi. Ó sunkún, mo dúró tì í, ó sì lọ ṣe ìdánwò rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbádùn báyìí, a dúpẹ́.

Òru ọjọ́ yẹn ni ilẹ̀kùn Wayland yé mi. Kì í ṣe pé Xorg ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí mo bá fi gbogbo ojú ẹ̀rọ hàn nínú Wayland náà, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá jáde. Ṣùgbọ́n oníbodè máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà pé èwo ni mo fẹ́ fi hàn. Ìbéèrè yẹn ni mo ti fò kọjá, nítorí mo kà á sí ìdíwọ́. Ìyá tó ní àlejò nílé mọ yàrá tó yẹ kí àlejò wọ̀, kì í ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ kó máa wòye ohun tí àlejò á rí. Mo Log Out, mo tẹ jíà, mo padà sí Ubuntu lásán, èyí tí Wayland wà nínú rẹ̀.

Ó wá kù kí n rí ọ̀nà tó mọ oníbodè. Mo kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé, PipeWire àti oníbodè, pé:

systemctl --user status pipewire
sudo apt install xdg-desktop-portal-gnome

Èyí àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí a ń wá nínú èsì rẹ̀ ni active. Èkejì sọ fún mi pé ó ti wà níbẹ̀. Bí kò bá sí lórí tiyín, á gbé e wá. Ẹ Log Out kí ẹ tún wọlé lẹ́yìn náà.

Mo bẹ àwọn òbí pé ká fi áàpù àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀ ká lọ máa lo Jitsi Meet, wọ́n sì gbà. Inú Firefox ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sí .deb tí à ń gbé sórí ẹ̀rọ rárá, gbangba sì ni bí wọ́n ṣe kọ òun náà wà bíi ti Ubuntu. Emil Ivov ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003 nígbà tó ń kàwé ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ lọ sí meet.jit.si, kí ẹ fún ìpàdé yín lórúkọ. Láti 2023, ẹni tó ń ṣí ìpàdé ní láti fi àkáǹtì kan wọlé, bíi ti Google; àwọn tó ń bọ̀ wá bá a, ìlujá tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí wọn nìkan ni wọ́n á tẹ̀.

Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì àfihàn báyìí, Firefox á kọ́kọ́ bèèrè. Mo máa ń mú Use operating system settings, mo á sì tẹ Allow. Ìgbà yẹn ni oníbodè fúnra rẹ̀ á yọ, á to àwọn wíńdò tí mo ṣí sílẹ̀ fún mi. Mo mú ìwé LibreOffice tí mo kọ ẹ̀kọ́ sí, ìyẹn nìkan, mo tẹ Share. Àmì kan aláwọ̀ ọsàn á yọ lókè ojú ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọ̀tún, yóò sì wà níbẹ̀ títí n ó fi dáwọ́ àfihàn dúró. Ojú mi kì í kúrò lára àmì yẹn. Mo tún máa ń tẹ aago tó wà láàárín lókè, mo á tan Do Not Disturb kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo á sì pa WhatsApp dé pátápátá.

Ọ̀rọ̀ iná àti dátà, gbogbo wa la jọ wà níbẹ̀. Mo máa ń rí i pé bátìrì kún láti aago mẹ́ta, fóònù mi ni mo sì fi ń fún kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ń falẹ̀, kámẹ́rà mi ni mo kọ́kọ́ ń pa. Kí pátákó ṣáà máa hàn.

Sátidé tó kọjá, ọmọ Houston yẹn, ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé dúdú ni, bi mí bóyá òun náà lè fi ojú kọ̀ǹpútà òun hàn mí. Mo ní kó máa fi í hàn. Ó ti kọ gbólóhùn kan fúnra rẹ̀, ó sì ti kun àmì rẹ̀ ní pupa bíi tèmi: Màmá mi ra ọkọ. Mo ní kó kà á fún mi. Ó kà á. Mo ní kó tún un kà, kó máa wo àmì bó ṣe ń kà á. Ó dákẹ́, ó wo ojú ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ dúró," mo sì ń wò ó láti Kìnnírá níbí bó ṣe gbé ọfà kékeré yẹn lọ sí ìdí ọ̀rọ̀ náà, tó fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ kan lé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn.